Linux Kan Ṣoṣo Ti Tó fún Ìbàràpá

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, mo mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ kọ̀ǹpútà jù lọ. Kí inú wọn bí. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú gbogbo Linux tó wà láyé, ẹyọ kan ṣoṣo ló yẹ ká mú fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Èrúwà títí dé Ìgàngán, kí gbogbo wa sì pa ẹnu pọ̀ lé e lórí. Mo máa dárúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di kánjúkánjú.

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft, àwọn tó ni Windows, jáwọ́ nínú títún Windows 10 ṣe fún gbogbo èèyàn. Wọ́n fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ ní àfikún ọdún kan, ó parí. Wọ́n ní ká lọ gba Windows 11. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Windows 11 kì í gba ara ẹ̀rọ tó bá ti dàgbà. Ó ń béèrè ohun kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, bí ẹ̀rọ náà bá sì jẹ́ ti Intel, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àfi kó jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ lẹ́tà, tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Igbó-Ọrà tàbí Lánlátẹ̀, kí ẹ wo kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì níbẹ̀. Tòkunbọ̀ ni. Àwọn òyìnbó ti lò ó, ó ti sú wọn, kí wọ́n tó kó o sínú ọkọ̀ ojú omi. Mélòó nínú wọn ló lè gba Windows 11? Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Kí wá ni àwọn èèyàn wa ń ṣe? Windows tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ tó ń jẹ́: Windows olè ni. Ẹnìkan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń fowó ra Windows ní Nàìjíríà yìí?" Mo gbọ́. Kì í ṣe Microsoft ni mò ń sunkún fún, owó wọn ju tèmi lọ fíìfíì. Àwa ni mò ń sunkún fún. Ẹni tó já kọ́kọ́rọ́ yẹn, ṣé ẹ mọ ohun mìíràn tó rọra fi sínú rẹ̀? Ohun tí yóò kọ́kọ́ ní kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ pa ẹ̀ṣọ́ tó ń dènà fáírọ́ọ̀sì, kí kọ́kọ́rọ́ tòun lè ráyè wọlé. Ẹni tó ní kí o so ajá rẹ mọ́lẹ̀ kí òun tó wọ ilé rẹ lóru, o wá ń pè é ní àlejò!

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kò yẹ ọmọlúwàbí. Bí kò fún un lẹ́sẹ̀, yóò ṣo ó. Rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Bí èyí tí a gbà bọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, mélòómélòó èyí tí a jí.

Ìyá Ìbejì kan wà tí mo mọ̀ ní Igbó-Ọrà. Ẹ má bi mí pé èwo nínú wọn, nítorí bí èèyàn bá ju òkò sọ́jà ní Igbó-Ọrà, Ìyá Ìbejì ni yóò bà. Ìwé àti bírò ló ń tà, ó sì ń tẹ lẹ́tà fún àwọn èèyàn. Láàárín ọdún kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bá a fọ́máàtì kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sanwó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni iṣẹ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣòfò. Nígbà tó sú u, ó ránṣẹ́ pe ọmọkùnrin kan tó gbọ́ pé ó mọ Linux. Ẹ gbọ́ bó ṣe rò ó fún mi: "Bùọ̀dá, mo ní èwo ni kí n mú. Ọmọ yẹn ka orúkọ mẹ́jọ fún mi bí ẹni ń ki oríkì. Ó ní ó dọwọ́ ohun tí mo bá fẹ́. Ṣebí kí n tẹ lẹ́tà kí iná tó lọ ni mo fẹ́!" Ó padà sídìí Windows olè rẹ̀. Ta ló jẹ̀bi? Kì í ṣe Ìyá Ìbejì.

Ẹ̀yin onímọ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ìbéèrè "èwo ni kí n mú?" yìí ni ẹ fi ń ṣeré. Ẹ ti sọ ohun tó yẹ kó rọrùn di awo.

Kí tilẹ̀ ni Linux? Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kọ ọkàn ètò kan tí ń darí kọ̀ǹpútà, ó sì fi í lélẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣáájú rẹ̀, láti 1983, Richard Stallman ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn irinṣẹ́ tó kù jọ lábẹ́ orúkọ GNU. Ẹnikẹ́ni lè mú un, kó tún un tò, kó sì pín in. Ìdí nìyẹn tí oníkálukú fi ń to tirẹ̀, tí ẹ̀yà Linux fi lé ní igba lónìí. Debian dé ní 1993. Ubuntu jáde lára Debian ní 2004. Linux Mint jáde lára Ubuntu ní 2006. Ẹbí kan náà ni wọ́n. N kò sì ní láti ṣàlàyé fún ọmọ Igbó-Ọrà pé ojú Táyé lè jọ ti Kẹ́hìndé kí ìwà wọn má jọra.

Àwọn onímọ̀ á ní òmìnira ni pípọ̀ tó pọ̀ yẹn. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ nǹkan ni yíyàn ń ṣe láǹfààní. Ẹni tí kò gbin iṣu rí, tó wá bá ọ pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀, bí o bá to ogún oríṣi iṣu síwájú rẹ̀ pé kó mú èyí tó bá wù ú, o ò ràn án lọ́wọ́. Àgbẹ̀ tó mọ iṣẹ́ á ní, "Mú èyí, òun ló ń ṣe dáadáa nílẹ̀ tiwa níbí." Bó bá di ọdún kẹta, tí ojú ẹni náà ti là, kó lọ gbin èyí tó bá fẹ́.

Nítorí náà, ìbéèrè wa kì í ṣe pé Linux wo ló dára jù láyé. Ìbéèrè wa ni pé bó bá kọṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ta ló wà nítòsí tó mọ̀ ọ́n? Bí ẹnìkan bá ń lo Fedora ní Èrúwà, tí ẹnìkan ń lo Zorin ní Ìdèrè, tí ẹlòmíràn ń lo Arch ní Tápà, kálukú wọn ló dá wà. Ṣùgbọ́n bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ń lo ẹyọ kan, ohun tí ọ̀kan bá kọ́ lónìí, méjì yòókù ti mọ̀ ọ́n lọ́la. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ẹ̀yin tí ẹ bá dàgbà tó, ẹ ó rántí ohun tí ojú àwọn èèyàn Ìdèrè rí lọ́wọ́ sòbìà. Inú omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n ń mu ni àrùn náà wà. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn oníṣègùn àti àwọn olùkọ́ ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Wọn kò ka igba ọ̀nà sílẹ̀ fún àgbẹ̀ pé kó mú èyí tó bá wù ú. Wọ́n ní, ẹ fi aṣọ sẹ́ omi kí ẹ tó mu ún, kí ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ má sì wọ inú omi tí gbogbo ìlú ń mu. Ohun tí aládùúgbò lè fi kọ́ aládùúgbò ni. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kún un. Ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà. Ẹ wò ó, fíláàṣì tó ń ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí òmíràn ni ọ̀gọ̀dọ̀ tiwa báyìí, fáírọ́ọ̀sì sì ni sòbìà inú rẹ̀. Bí sòbìà yóò bá dègbò, olúgànbe là á ké sí.

Ó yá, mo fẹ́ dárúkọ. Linux Mint ni. Èyí tí wọ́n pè ní Xfce nínú rẹ̀ ni kí ẹ mú, nítorí òun ló fúyẹ́ jù. Mo ní ìdí.

Èkíní ni agbára ẹ̀rọ wa. Àwọn tó ṣe Mint ní RAM 2GB lè gbé e, bó bá jẹ́ 4GB, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àyè 20GB lórí dísíìkì ni wọ́n ní ó kéré jù. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí ẹ fẹ́ kó dà nù yẹn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tí yóò yó á yó.

Èkejì ni dátà, èyí sì ni mo kà sí jù. Ní Ìbàràpá, owó la fi ń ra dátà, díẹ̀díẹ̀ sì la ń rà á. Mint kì í dédé lọ gbé àtúnṣe wálé. Yóò kàn sọ fún yín pé àtúnṣe dé, ẹ̀yin lẹ máa sọ ìgbà tó máa wọlé, ẹ sì lè dúró de òru tí dátà ọ̀pọ́. Ubuntu ńkọ́? Àwọn ohun tó ń kó wọlé ní ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní snap máa ń tún ara wọn ṣe fúnra wọn, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè dá a dúró. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, kí dátà rẹ̀ ṣáà tán ni yóò rí. Láti 2020 ni àwọn tó ṣe Mint ti ní snap kò ní bá tàwọn wá mọ́.

Ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ kò ṣàjèjì. Bọ́tìnnì tí ẹ ń tẹ̀ kí gbogbo iṣẹ́ tó jáde wà nísàlẹ̀ lápá òsì, agogo wà lápá ọ̀tún. Ẹni tó ti lo Windows 7 rí yóò jókòó tì í láìlàágùn. Ìwé títẹ̀, ìṣirò owó, íntánẹ́ẹ̀tì, orin àti fíìmù, gbogbo rẹ̀ ló ti bá a wá. LibreOffice tó wà nínú rẹ̀ ń ṣí ìwé tí wọ́n fi Word kọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ lọ síbi ètò kíbọ́ọ̀dù, ẹ mú Nàìjíríà, ẹ mú Yorùbá. Ó ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lè tọ́ ọ wò kí ẹ tó gbé e mì. Ẹ gbé e sórí fíláàṣì, ẹ fi fíláàṣì náà ṣí kọ̀ǹpútà, yóò sì ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láìfọwọ́ kan Windows yín. Ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín mọ́ ọn wò. Bí kò bá tẹ̀wé, ẹ yọ fíláàṣì yín, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Ìkarùn-ún ni pé bíi GB mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo ló máa fi dátà rẹ̀ gbà á. Ìlú méjèèje Ìbàràpá lè da á kọ láti ọwọ́ ẹni yẹn, kò sì sí ọlọ́pàá tó lè bi wá léèrè, nítorí òfin rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ní ká da á kọ. Mint 22 tó jáde ní 2024, títí di 2029 ni wọn yóò máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn onímọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀kan ní, "Ubuntu ńkọ́? Ọmọ Áfíríkà ló dá a sílẹ̀!" Òótọ́ ni. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa tó lọ sí òfurufú ní 2002, ló dá a sílẹ̀, orúkọ náà sì túmọ̀ sí ìwà ọmọ èèyàn ní èdè àwọn ará ibẹ̀. Títí di 2011, wọ́n ń fi síìdì rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé béèrè. Mo kan sáárá sí wọn. Àmọ́ Ubuntu 24.04 ń béèrè RAM 4GB, dátà tó sì ń jẹ ni mo ti sọ yẹn. Ìfẹ́ Áfíríkà kò ní bá Ìyá Ìbejì san owó dátà. Ṣebí ara Ubuntu náà ni Mint ti jáde? Ẹni tó kọ́ Mint ti kọ́ ìdajì Ubuntu.

Bó bá jẹ́ ti ọmọ ilé ẹni la ń wí, wọ́n ti ṣe ọ̀kan rí ní Nàìjíríà níbí, wọ́n pè é ní Wazobia Linux, ó sì ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò nínú. Inú mi dùn sí i. Ta ló ń gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́ lónìí? Linux tí kò bá ní àwọn tó ń tún un ṣe lójoojúmọ́, àwókù ni, ìbáà jẹ́ orúkọ bàbá wa ni wọ́n sọ ọ́.

Ẹlòmíràn ní Zorin. Zorin dára, ó lẹ́wà, láti ilẹ̀ Ireland ló ti wá, ọjọ́ tí Windows 10 kú gan-an ni wọ́n gbé Zorin 18 jáde. Bí gbogbo Ìbàràpá bá pa ẹnu pọ̀ lórí Zorin, màá bá wọn lọ. Ohun tí n kò ní gbà ni kí ìdajì wà ní Zorin kí ìdajì wà ní ibòmíràn.

Ti ẹni tó ní kí ìyá tó ń tẹ lẹ́tà lọ mú Arch, tó jẹ́ pé o ní láti mọ ohun tí ò ń ṣe kó tó lè tò fún ọ, èmi kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Ògo ara rẹ̀ ló ń wá.

N kò ní parọ́ fún yín o. Ohun kan wà tí Linux kò lè ṣe. CorelDRAW tí àwọn tó ń ṣe pósítà òkú àti ti ìkómọjáde ń lò kò ní ti Linux. Inkscape wà, ó sì dáńtọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tuntun ni, ẹ ní láti kọ́ ọ. Microsoft Office tí à ń gbé sórí ẹ̀rọ kò ní ti Linux náà, bí ẹ bá sì fi LibreOffice ṣí ìwé tí wọ́n fi Word ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ìlà lè yẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀ka tí ẹ fi ń jẹun jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún Windows nìkan, ẹ fi Windows sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Linux náà kò sọ pé ewu ò sí; ohun tó kàn wà ni pé fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ fún Windows, tó ń bẹ lórí fíláàṣì àwọn oníbàárà yín, kò lè ráyè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé HP ló sábà máa ń bá a ṣe wẹ́kú, nítorí HP fúnra wọn ń ṣe ètò rẹ̀ fún Linux. Ẹ dán tiyín wò kí ẹ tó pinnu.

Àwọn òbí kan ní bí ọmọ àwọn bá kọ́ Linux, kò ní ríṣẹ́, nítorí Windows ni wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì. Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, bí wọ́n ṣe ń ṣírò, bí wọ́n ṣe ń to fáìlì, kò sí ọ́fíìsì tí yóò dé tí kò ní mọ ibi tí yóò tẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ńláńlá tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì ayé dúró, Linux ló ń darí wọn. Fóònù Android tó wà lápò yín, ọkàn Linux ló wà nínú rẹ̀. Èwo ni ẹ̀rù rẹ̀ tó ń bà yín?

Ó kù sọ́wọ́ àwọn tó lè mú un ṣẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà nílẹ̀ yìí: Adeseun Ogundoyin Polytechnic wà ní Èrúwà, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Igbó-Ọrà, ti àwọn olùkọ́ wà ní Lánlátẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀, ẹ má fi ìsinmi yín ja ìjà pé Linux tèmi ju tìrẹ lọ. Kí ẹnìkan gba Mint Xfce, kí ó gbé e sórí fíláàṣì 8GB. Ẹ lọ bá oníṣọ́ọ̀bù kan lọ́sàn-án. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kọ síbòmíràn. Ẹ jẹ́ kó tọ́ ọ wò lọ́jọ́ mẹ́ta láti orí fíláàṣì. Bó bá gbà, ẹ gbé e wọlé fún un nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá wà nítòsí, nítorí kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní bátìrì, bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, àtúnbẹ̀rẹ̀ ni. Kí ẹ tó kúrò, ẹ fi Timeshift hàn án, ohun tó máa ń ya ètò ẹ̀rọ sílẹ̀ kí a lè dá a padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó má bàa tún máa sanwó fọ́máàtì. Ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìpadà-lọ-wò yẹn ni ọ̀pọ̀ yín kì í ṣe.

Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù, bí ọmọ kan bá wá bá yín tó ń ka orúkọ mẹ́jọ, ẹ ní kó jókòó, kó mú ẹyọ kan, kó sì sọ ọjọ́ tí yóò padà wá tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Bí kò bá lè dá ọjọ́, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ẹni tó bá sì mọ Linux mìíràn tó sàn ju Mint lọ fún wa, n kò ní bá a jà lórí bébà. Kó lọ kọ́ aládùúgbò rẹ̀ mẹ́wàá ní Ayétẹ̀ tàbí ní Ìdèrè títí wọn yóò fi lè dá lò ó láìpè é. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó wá bá mi, màá sì yọ Mint tèmi.